Ìdérí Iyọ̀ Kan fún Mọ̀núrù

Bí ẹ bá ti ra síìpù, bọ́tìnnì tàbí òwú ìránṣọ rí ní Ìdúmọ̀tà, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti bá Memunat pàdé láìmọ̀. Ìsọ̀ rẹ̀ kò ju ibi tí èèyàn méjì lè dúró sí lọ. Abẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́rin kan ló wà, síìpù sì rọ̀ sílẹ̀ lára ògiri rẹ̀ láti òkè délẹ̀, dúdú, funfun, pupa, aláwọ̀ ewé. Ìyá Onísíìpù làwọn aránṣọ ń pè é. Obìnrin tí kò ga ni, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, tí ojú rẹ̀ tutù, tí kì í pariwo pe oníbàárà. Bí ẹ bá gbé aṣọ tí síìpù rẹ̀ há wá fún un, kò ní í fà á. Yóò tẹjú mọ́ ọn, yóò máa mì í díẹ̀díẹ̀, eyín kan lẹ́yìn èkejì, títí yóò fi lọ. "Ẹni tó bá fagbára fà á ló ń ra òmíràn," bó ṣe máa ń wí nìyẹn.

Bó ṣe fẹ́ tún ọkọ rẹ̀ ṣe náà nìyẹn, ẹ sì máa gbọ́ ibi tó já sí.

Mọ̀núrù lorúkọ ọkọ náà. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni, ọmọ bíbí Ìsàlẹ̀ Èkó, ọ̀kan lára àwọn tó ta fíìmù nígbà tí fíìmù ṣì ń tà ní Ìdúmọ̀tà, láti orí kásẹ́ẹ̀tì títí dórí sídíì. Nígbà tí gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í wo fíìmù lórí fóònù, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó wá jókòó sílé. Ó rẹwà nígbà èwe, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó lágídí pẹ̀lú, àmọ́ òun kì í pè é ní agídí. Ohun tí òun ń wí ni pé òun kì í yí ọ̀rọ̀ òun padà.

Ilé ìdílé ni wọ́n ń gbé, ilé olókè tó ní yàrá mẹ́rìndínlógún. Nígbà tí Memunat wọ ibẹ̀ bí ìyàwó, ní ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, èèyàn ò rí ibi fẹsẹ̀ lé nínú àgbàlá. Báyìí, àwọn kan ti kọ́lé sí Ìkòròdú, àwọn kan wà ní Agége, ikú ti mú àwọn kan lọ, àgádágodo ló sì wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá mọ́kànlá. Tawfiq, àkọ́bí rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá. Qaanitah, àbúrò Tawfiq, wà ní Kánádà, ohùn rẹ̀ ló ń wá sórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú. Yàtọ̀ sí Memunat àti Mọ̀núrù, Taslimah nìkan ló kù tó ń dáná nínú ilé náà, ìyàwó kékeré tí ọmọ àbúrò Mọ̀núrù ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́. Láti ìgbà tí àwọn ọmọ ti lọ ni tọkọtaya náà ti jọ ń jẹun ìrọ̀lẹ́ nínú àwo kan, lórí àpótí kékeré kan nínú ilé ìdáná. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nídìí rẹ̀. Ọ̀kan á jẹ, èkejì á jẹ, ẹran tó bá kù á di ẹni tó kọ́kọ́ ní òun ti yó.

Ohun tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ni ikú Àlàájì Yẹ̀kínì, ẹ̀gbọ́n Mọ̀núrù, tó ń gbé yàrá ìsàlẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ kan ló ń wọ ṣòkòtò kó lè lọ sí mọ́ṣáláṣí, ló bá ṣubú lulẹ̀. Kí wọ́n tó gbé e dìde, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ò gbọ́ tirẹ̀ mọ́, ẹnu sì ti wọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Oṣù mẹ́rìnlá ló fi wà lórí ibùsùn. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ, nítorí náà Memunat ló ń fi ṣíbí bu ẹ̀kọ sí i lẹ́nu, òun ló ń nù ún, òun ló ń yí i padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ má bàa bó. Mọ̀núrù ńkọ́? Mọ̀núrù kì í lè dúró nínú yàrá yẹn ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Yóò kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, yóò wo òkè àjà, yóò ní òun ń bọ̀, kò sì ní í bọ̀.

Nígbà tí wọ́n ti sin Àlàájì tó oṣù mẹ́ta, Memunat fi ọgbọ́n mú ọkọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Ó ní òun fẹ́ kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ òun, kó sin òun dé ibẹ̀. Nọ́ọ̀sì wo tirẹ̀, ó dára. Ó ní kí Bàbá náà nawọ́. Ó so ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá, ó wò ó, ó tú u, ó tún un so.

"Bàbá, ẹ̀jẹ̀ yín ga gan-an o," ni ọmọbìnrin náà wí. "Ẹ máa lo oògùn tí dókítà bá kọ fún yín. Ẹ dín iyọ̀ kù, ẹ dín Maggi kù, ẹ dín ṣúgà kù. Kẹ́ ẹ sì máa rìn, ààbọ̀ wákàtí láàárọ̀."

Oògùn, Mọ̀núrù gbà láti lò ó. Oúnjẹ ni kò gbà. Bí wọ́n ṣe ń lọ sílé, ó ní, "Iyọ̀ tí bàbá mi jẹ títí tó fi pé ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin? Bó bá jẹ́ pé iyọ̀ ní í pààyàn ni, Èkó ò bá ti di ahoro."

Kì í ṣe ikú nìkan ló ń ba Memunat lẹ́rù. Ó ń bẹ̀rù ibùsùn yàrá ìsàlẹ̀ yẹn, ẹnu tó wọ́, ṣíbí ẹ̀kọ. Ohun tó sì ń bà á lẹ́rù jù lọ ni ohun tó wà lẹ́yìn gbogbo ìyẹn: ilé oníyàrá mẹ́rìndínlógún, kí òun nìkan máa ti ilẹ̀kùn rẹ̀ nírọ̀lẹ́.

Ìbẹ̀rù yìí ló jẹ́ kó ṣe ohun tí kì í ṣe sí síìpù. Ó fagbára fà á. Lọ́jọ́ kejì gan-an, ó da Maggi nù, ó gbé iyọ̀ pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó se ẹ̀fọ́ àti ẹja tútù láìfi iyọ̀ kankan sí i, ó gbé e síwájú ọkọ rẹ̀ lórí àpótí bí ẹni tó gbé ẹ̀bùn wá. Mọ̀núrù jẹ òkèlè kan. Ó gbé e mì, ó wo àwo, ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Ta ló ń ṣàìsàn nínú ilé yìí?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá Tawfiq. Ṣé ẹ ò gbọ́ nǹkan tí nọ́ọ̀sì wí ni?"

Ó ṣan ọwọ́. "Ìyá Tawfiq, gbọ́ mi dáadáa. Láti òní lọ, èmi àtìwọ ò ní í jókòó sídìí àpótí yìí mọ́ jẹ oúnjẹ aláìsàn. Mi ò tí ì dà bíi Àlàájì. Mo ti sọ ọ́."

Ó dìde, ó wọ fìlà, ó jáde. Memunat rò pé yóò padà kí oúnjẹ tó tutù. Kò padà. Lọ́jọ́ kejì, obìnrin náà se ọbẹ̀ pẹ̀lú iyọ̀ àti Maggi bíi ti àtijọ́, ó pè é, ó ní, "Ẹ máa bọ̀, mo ti fi nǹkan sí i." Ó ní òun ti jẹun lọ́dọ̀ Àyìnkẹ́. Àyìnkẹ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, opó tó ń gbé ní Olówógbowó. Bẹ́ẹ̀ náà ló wí lọ́jọ́ kẹta, àti lọ́jọ́ kẹrin. Oúnjẹ ọ̀sán tí Memunat bá bò kalẹ̀ sí pálọ̀ kó tó lọ sí ìsọ̀, ó máa ń jẹ lára rẹ̀. Àmọ́ tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, yóò wọ fìlà, yóò kọrí sí Olówógbowó. Ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì ti jọba lé e lórí. Ẹ máa rí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀. Ebi lè pa á, ṣùgbọ́n ẹ ò ní í gbọ́ kó ní òun ṣì í sọ.

Ibẹ̀ ni Memunat ti wá rántí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́. Ó wá ìdérí ìgò oògùn ikọ́ kan tó ti pẹ́ nínú ilé, ó fi wọn iyọ̀ tí ìkòkò ọbẹ̀ wọn máa ń gbà. Ìdérí mẹ́ta ni. Ó se ọbẹ̀ pẹ̀lú ìdérí mẹ́ta fún odidi oṣù kan, kò dín in rárá, kí ọkùnrin náà lè fọkàn balẹ̀. Nígbà tó di oṣù kejì, ó fi ìka fá díẹ̀ kúrò nínú ìdérí kẹta. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó tún fá díẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá fá a, yóò ta kókó kan sára òwú dúdú tó so kọ́ ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, kó má bàa gbàgbé ibi tó dé. Maggi mẹ́fà di márùn-ún, ó di mẹ́rin. Ṣúgà oníhóró tí Mọ̀núrù ń jù sínú tíì láàárọ̀, ó ń fi ọ̀bẹ là á sí méjì kó tó kó o sínú agolo. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni yóò sọ fún?

Ìrìn nìkan ni kò rí ọgbọ́n dá sí. "Ẹ jẹ́ ká jọ máa rìn dé Marina láàárọ̀," ló wí lọ́jọ́ kan.

"Kí n máa rìn kiri bí ẹni tí nǹkan ẹ̀ sọnù?" ni ọkọ rẹ̀ dáhùn.

Ló bá ń dá rìn ín. Tó bá ti kírun àsùbáà tán, yóò wọ bàtà pẹlẹbẹ, yóò gba inú Ìdúmọ̀tà kọjá nígbà tí gbogbo ìsọ̀ ṣì wà ní títì, tó jẹ́ pé àwọn tó ń gbálẹ̀ ìgboro nìkan ló wà níta, yóò lọ títí yóò fi rí omi ọ̀sà. Yóò dúró díẹ̀. Tọkọtaya kan wà tó máa ń pàdé níbẹ̀, wọ́n ti dàgbà ju òun àti Mọ̀núrù lọ, ọkọ ń fi ọ̀pá rìn, ìyàwó ń mú un lápá òsì. Ìyá náà bi í lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá wọn ńkọ́?" Memunat ní, "Wọ́n ń sùn, Mà." Láti ọjọ́ náà ló ti ń gba òdìkejì títì, kí ìyá náà má bàa tún bi í.

Láti oṣù kẹrin, ohun kan bẹ̀rẹ̀ tí kò yé e. Tó bá ti ìsọ̀ dé, yóò bá àwo oúnjẹ ọ̀sán ọkọ rẹ̀ ní fífọ̀, wọ́n á ti dojú rẹ̀ délẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ike omi. Ní ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, Mọ̀núrù ò fọ ife rí nínú ilé yẹn. Memunat gbé àwo náà, ó wò ó síwá sẹ́yìn. Ẹni tó bá fọ àwo tó fi jẹun ní nǹkan tó ń fi pamọ́, àbí? Ológbò méjì tó wà nínú àgbàlá sì ń sanra. Lójú Memunat, ọ̀rọ̀ ti yanjú: ológbò ló ń jẹ oúnjẹ òun, Àyìnkẹ́ ló ń bọ́ ọkọ òun.

Kó wá lè dá a lójú, Taslimah dé láti ọjà lọ́jọ́ kan, ó kúnlẹ̀ kí i, ó wá ní, "Mọ̀mí, mo gba Olówógbowó kọjá lánàá, mo rí Dádì nílé Àǹtí Àyìnkẹ́. Wọ́n ń jẹun. Ọbẹ̀ yẹn ń ta sánsán débi tí mo dúró sí."

"Ó dáa," ni Memunat wí.

"Mọ̀mí, ẹ má bínú o. Tọkọtaya lè jà, ká kú kọ́."

"A ò jà," ni Memunat wí, òótọ́ ló sì sọ. Ìbá dára kí wọ́n jà. Ẹni tó bá ń bá ọ jà ṣì wà níwájú rẹ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó jókòó sídìí àpótí, ó bu oúnjẹ sí àwo kan fún ara rẹ̀. Ó jẹ díẹ̀, ó dúró. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó gbọ́ ìró ẹnu ara rẹ̀ bó ṣe ń jẹun, ìró náà sì bà á nínú jẹ́ ju gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ti sọ sí i lọ. Ó ń fá iyọ̀ fún ọkùnrin tí kò jẹ ẹ́. Ó ń ta kókó sára òwú fún ológbò. Gbogbo oṣù yẹn, òun nìkan lẹni tí ẹnu rẹ̀ ń jìyà. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó fọ àwo, ó sùn. Lọ́jọ́ kejì, ó tún se oúnjẹ, nítorí kò mọ nǹkan mìíràn tí òun lè ṣe.

Nígbà tí sàárà ọdún kan Àlàájì Yẹ̀kínì fi máa kù ọ̀sẹ̀ kan, kókó mẹ́jọ ti wà lára òwú, iyọ̀ inú ọbẹ̀ sì ti di ìdérí kan péré. Memunat ti pinnu nínú ara rẹ̀. Tí sàárà bá ti kọjá, òun yóò já òwú náà, òun yóò ju ìdérí náà nù, òun yóò sì máa se oúnjẹ bí ọkọ òun ṣe ń fẹ́ ẹ. Kó jẹ ohun tó bá wù ú, kó ṣáà wà ní ìjókòó. Bó bá di ọjọ́ ibùsùn, òun mọ bí wọ́n ṣe ń yí aláìsàn padà.

Ọjọ́ Àìkú ni sàárà bọ́ sí. Àwọn ará Ìkòròdú dé, àwọn ará Agége dé, wọ́n ṣí àgádágodo, ilé tún kún bíi ti àtijọ́. Nínú ilé wọn, àwọn ìyàwó ilé ló ń dáná sàárà, ìyàwó tó bá sì dàgbà jù ló ń tọ́ ìkòkò wò. Bó bá ti ní iyọ̀ pé, iyọ̀ pé nìyẹn, kò sí ìyàwó kékeré tó gbọ́dọ̀ tún ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìyàwó Àlàájì ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Lọ́dún yìí, ó kan Memunat. Wọ́n gbé ìkòkò ńlá méjì kaná nínú àgbàlá, ìrẹsì nínú ọ̀kan, ọbẹ̀ ata àti ẹran màlúù nínú èkejì. Ọwọ́ ni Memunat fi bu iyọ̀, nítorí ìkòkò ọgọ́rùn-ún èèyàn kì í ṣe ti ìdérí. Ó dà á sí i, ó rò ó, ó ta ọbẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó tọ́ ọ wò.

"Ó pé," ló wí.

Taslimah, tó ń fi ọmọrogùn ro ìrẹsì, ta díẹ̀ sí ọwọ́ tirẹ̀ náà. Ó tọ́ ọbẹ̀ náà wò. "Mọ̀mí, ṣé… ṣé kò ku díẹ̀?"

Memunat wò ó. "Mo ní ó pé."

"Ẹ má bínú, Mà," ni Taslimah wí, ó sì ń ro ìrẹsì rẹ̀ lọ.

Àwọn ààfáà ṣàdúà fún olóògbé, wọ́n ka ohun tí wọ́n máa ń kà, gbogbo èèyàn ṣe àmín. Wọ́n wá gbé oúnjẹ kalẹ̀. Memunat dúró ti ìkòkò, ó ń retí ariwo tó máa ń wà níbi tí oúnjẹ bá ti dùn, tí àwọn èèyàn á máa pe ara wọn, tí ọmọdé á máa na àwo wá. Kò gbọ́ ariwo kankan. Ó rí ààfáà àgbà tó gbé ṣíbí sẹ́nu, tó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá iyọ̀ díẹ̀," ni ààfáà náà wí pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

"Ẹ mú u dé ọ̀dọ̀ tiwa náà," ni ẹnì kan wí láti ẹ̀yìn.

Ni gbogbo ilé bá ń béèrè iyọ̀. Àwọn ọmọdé ń gbé agolo iyọ̀ sáré láti orí tábìlì kan sí èkejì. Memunat tún ta ọbẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó tọ́ ọ wò. Lẹ́nu rẹ̀, ó pé. Ìgbà yẹn ló wá yé e. Ahọ́n kì í ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ín pé òun ti yí padà. Oṣù mẹ́jọ tó fi ń fá iyọ̀ kúrò nínú ìdérí, ẹnu ara rẹ̀ ló ń fá, ó sì ti gbé ẹnu náà wá síwájú gbogbo ìdílé, ó ti fi dójú ti ara rẹ̀ níbi sàárà Àlàájì.

Àyìnkẹ́ dìde. Àyìnkẹ́ ò mọ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sọ. "Ta ló tọ́ ọbẹ̀ yìí wò?"

"Èmi ni, Àǹtí," ni Memunat wí.

"Ìwọ! Ṣé sàárà lo ń ṣe fún Yẹ̀kínì ni àbí o fẹ́ fìyà jẹ wá? Gbogbo àlejò yìí! Ọbẹ̀ tó tẹ́ bí omi ìfọwọ́!"

Memunat ò lè gbójú sókè. Àyìnkẹ́ yíjú sí àbúrò rẹ̀, kó lè bá a dá sí i. Mọ̀núrù jókòó láàárín àwọn ọkùnrin ilé. Àwo rẹ̀ ti ṣófo, ó sì ń fi ṣíbí kó èyí tó kù létí rẹ̀. Agolo iyọ̀ wà níwájú rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án.

"Mọ̀núrù! Ṣé o ò gbọ́ ni? Báwo lo ṣe jẹ eléyìí tán?"

Ọkùnrin náà gbójú sókè bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. "Kí ló ṣe é? Iyọ̀ pé níbẹ̀ kẹ̀."

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan láti Agége ní, "Ìyàwó ẹ ti fún ẹ ní nǹkan jẹ!" Àwọn tó gbọ́ tún rín in. Àyìnkẹ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan.

"Abájọ!" ló wí. "Ó ti tó oṣù mẹ́ta báyìí, tó bá wá sílé mi, tí mo bá gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún un, òkèlè méjì ló ń jẹ, á ní, 'Àǹtí, iyọ̀ yìí pọ̀ jù.' Ọbẹ̀ tó ń jẹ lọ́wọ́ mi láti kékeré! Mo rò pé àìsàn ni, mo ní kó lọ rí dókítà. Á kàn jókòó síbẹ̀, á máa wo tẹlifíṣọ̀n títí ilẹ̀ á fi ṣú, á ní òun ń lọ. Àṣé ilé rẹ̀ ni wọ́n ti yí i lẹ́nu padà!"

Mọ̀núrù gbé àwo rẹ̀ kalẹ̀. Ó wo ilẹ̀. Etí rẹ̀ méjèèjì pọ́n bíi ti ọmọdé tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò.

Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, àwọn ará Agége àti ti Ìkòròdú ti lọ, wọ́n ti ti àgádágodo padà sẹ́nu ọ̀nà yàrá mọ́kànlá. Memunat wà nínú ilé ìdáná, ó ń bu èyí tó kù nínú ìkòkò sínú ike. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kò wẹ̀yìn.

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń fọ àwo," ló wí.

"Ta ni ìbá tún fọ̀ ọ́?" ni Mọ̀núrù dáhùn.

"Mo rò pé ẹ̀ ń dà á fún ológbò ni."

"Ológbò kẹ̀? Mò ń jẹ ẹ́. Mò ń jẹ ẹ́ tán. Mi ò fẹ́ kó o rí i pé mò ń lá àwo."

Memunat wá kọjú sí i. Bí inú rẹ̀ bá dùn, inú náà ò rí àyè jáde, nítorí ìbínú ló kọ́kọ́ dé. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. "Oṣù mẹ́sàn-án, Bàbá Tawfiq! Oṣù mẹ́sàn-án lèmi nìkan fi ń jókòó sídìí àpótí yìí. Èmi nìkan ń rìn láàárọ̀, èmi nìkan ń jẹun nírọ̀lẹ́, bíi pé ẹ ti kú. Ohun tí mo sì ń sá fún nìyẹn! Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ ò bá sọ. Kí ló dé tẹ́ ò sọ ọ́?"

Mọ̀núrù bọ́ fìlà rẹ̀, ó ń yí i kiri lọ́wọ́. Ó wo òwú dúdú tó wà lára ìṣó, ó fọwọ́ kan kókó ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bóyá ó mọ ohun tó jẹ́, bóyá kò mọ̀.

"Mo ti sọ pé mi ò ní í jókòó síbẹ̀ mọ́," ló wí. "Mi ò mọ bí mo ṣe máa padà."

Memunat dé ike tó wà níwájú rẹ̀.

"Èmi náà," ni ọkùnrin náà tún wí, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀, "lọ́sàn-án, nínú pálọ̀ yẹn. Èmi náà nìkan ni mò ń jẹ."

Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́, kò wọlé, kò sì lọ. Memunat fi etí ìborùn nu ojú. Ó mú àwo kan ṣoṣo, ó bu ìrẹsì àti ọbẹ̀ sí i, ó gbé e sórí àpótí, ó fi ṣíbí méjì sí i. Agolo iyọ̀ tí wọ́n gbé káàkiri lọ́sàn-án wà lórí fèrèsé. Mọ̀núrù nawọ́ mú un, ó fi ìdérí rẹ̀ dé e, ó gbé e sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ó jókòó.